Ọ̀rọ̀ Kan Tí Alápatà Kọ́ ní Kóòtù

Ní ọjọ́ tí kóòtù jókòó lórí ikú Àgéré, alápatà pa màlúù kan ní ìdájí, ó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òórùn ẹ̀jẹ̀ lè kúrò lára rẹ̀, ó sì wọ aṣọ funfun tó fi gbéyàwó.

Àgéré ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ gígùn ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, wọ́n ń la ọ̀nà láti etí odò lọ sókè, ilé kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ fi ọkùnrin kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Àgéré ló lọ fún ilé tiwọn, nítorí ìsọ̀ ẹran kò ṣe é tì. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, ó sọ agbọ̀n òkúta kalẹ̀ kó lè mí. Ọ̀gá ọ̀nà, òyìnbó onírùngbọ̀n pupa, fi bàtà gbá a nípàá ní ìhà òsì. Àgéré dìde, ó rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ó jókòó, kò sì dìde mọ́.

Kí alápatà tó jáde nílé, ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

“Mi ò ní kí wọ́n pa á o. Kí wọ́n ṣáà sọ ọ́ sétí ayé pé òun ló pa ọmọ mi. Má wálé láìmú ìyẹn wá.”

“Mo ti gbọ́, Ìyá.”

Lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, akódà yẹ ara alápatà wò látòkè délẹ̀. “Bàbá ẹlẹ́ran, ṣé kò sí ọ̀bẹ lábẹ́ aṣọ yìí?”

“Ẹran kankan ò sí níbí tí mo fẹ́ pa,” ni alápatà wí. Akódà rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kó wọlé.

Àwọn alágbàṣe méjì ló kọ́kọ́ jẹ́rìí. Àwọn méjèèjì ló rí bàtà náà, wọn kò sì fi bọpo bọyọ̀. Ọ̀gá ọ̀nà tẹjú mọ́lẹ̀. Ọkàn alápatà balẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn wo ìyàwó Àgéré, ó sì mi orí sí i.

Ìgbà náà ni dókítà tó ṣí òkú wò dìde. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sì ń padà bọ̀ nínú rẹ̀ ṣáá bí eṣinṣin tí a ń lé kúrò lórí ẹran: sipilíìnì. Ògbufọ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó ti kàwé débi tí kò fi pa adìyẹ rí, kò mọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, ó ń nu ojú.

“Ó ní… kiní kan wà nínú ikùn.”

“Irú kiní wo?” ni ẹnì kan bi í látẹ̀yìn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ lu tábìlì. Dókítà wá fọwọ́ júwe é: lápá òsì, lábẹ́ egungun ìhà, pẹlẹbẹ bí ahọ́n, pupa tó ń lọ sí dúdú.

Alápatà kò mọ ìgbà tó dìde. “Ọlọ inú ni! Ògbufọ̀, ẹ sọ fún wọn pé ọlọ inú ni. Ta ni kò mọ ìyẹn?”

Inú adájọ́ dùn. Ó ní kí wọ́n búra fún un, kí wọ́n sì gbé ọ̀kan wá kí ojú gbogbo ènìyàn tó o. Ìyàwó Àgéré ló sáré lọ sí ìsọ̀. Ó fi ewé bò ó bọ̀, bí ẹni gbé oúnjẹ wá fún ọkọ lóko.

“Báwo ló ṣe máa ń rí?” ni dókítà bi alápatà, ògbufọ̀ sì ń túmọ̀.

Kò sí àgbà kan tó bi alápatà nípa iṣẹ́ rẹ̀ báyìí rí. Ohùn rẹ̀ là. “Ẹ̀jẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Kò nípọn bí ọkàn, kò yi bí kíndìnrín.”

“Bí ara ẹran náà kò bá yá ńkọ́?”

“A máa wú. Mo ti rí èyí tó tó ìlọ́po mẹ́ta. Irú ìyẹn, ọwọ́ lásán ló fi ń ya.” Ó sì ti àtàǹpàkò bọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ya pẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ta sí aṣọ funfun.

Adájọ́ ń kọ̀wé. Dókítà dúpẹ́ lọ́wọ́ alápatà, ó wá sọ pé ibà ti mú kí ti Àgéré wú ìlọ́po mẹ́ta, bí ẹlẹ́rìí ti wí gan-an.

Nígbà tí ògbufọ̀ ń túmọ̀ ìdájọ́, kò lè wo ojú alápatà. Àìsàn ló pa Àgéré. Irú ìpá bẹ́ẹ̀ kò lè pa ẹni tí ara rẹ̀ le. Kí ọ̀gá ọ̀nà máa kó ara rẹ̀ níjàánu.

Ìyá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé. “Ta ni wọ́n ní ó pa á?”

“Sipilíìnì,” ni alápatà wí.

“Ọmọ ta nìyẹn? Ṣé wọ́n ti mú un?”

Ó wọlé lọ bọ́ aṣọ. Ìyá kú lọ́dún kejì, ó ṣì ń bèèrè ilé ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà náà ń gùn sí i, àwọn ọkùnrin ń kú lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ sipilíìnì sì ń dé kóòtù níwájú òkú. Àwọn opó bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ìsọ̀ alápatà. Á gé ẹran fún wọn, á sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: “Bí wọ́n bá ti pe sipilíìnì, ẹ má dá sí i. Ẹrù tí ọkọ yín gbé láàárọ̀ ọjọ́ náà ni kí ẹ sọ. Ẹ sọ bó ṣe wúwo tó, kí ẹ sì dákẹ́.” Àwọn kan sọ bẹ́ẹ̀. Kò yí ìdájọ́ kankan padà.

Láti ọjọ́ yẹn kò ta ọlọ inú mọ́. Bó bá ti yọ ọ́, á jù ú sábẹ́ tábìlì, á fi àpò bò ó. Ìyàwó Àgéré rí i lọ́jọ́ kan tó wá ra ẹran. Irun orí rẹ̀ ti ń funfun.

“Ọkọ mi, ẹ kó o mọ́ ọn fún mi,” ni ó wí. “Ẹ̀yin ò parọ́ lọ́jọ́ náà.”

Alápatà bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó rọra fi ewé dì í.

“Ìyàwó wa,” ni ó wí, “ì bá sàn kí n parọ́.”