Fídíò Kò Rí Ọwọ́ Wùnmí

Ìyá Wùnmí, onídìrí tí gbogbo Festac mọ̀, ti ń retí Sátidé yìí bí ọmọdé ṣe ń retí ọdún. Ṣebí òun ni wọ́n fẹ́ wò nínú tẹlifíṣàn! Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́ mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ó dìde lójú gbogbo èèyàn, ó ka odindi ojú ìwé kan láìkọsẹ̀. Wùnmí ọmọ rẹ̀ ló fi fóònù ká a sílẹ̀.

Àwọn aládùúgbò kún pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Wùnmí wá láti Ìṣẹ́yìn pàápàá, torí kò gbà pé àbúrò òun lè kàwé.

"Ẹ jókòó dáadáa o," Wùnmí ń yangàn. "Èmi ni mo gé e, èmi ni mo tò ó. Mi ò dé kíláàsì kankan. Fídíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo fi kọ́ gbogbo ẹ̀!"

Ó tẹ kọ̀ǹpútà tó so mọ́ tẹlifíṣàn. Pupa yòò ló bo ojú tẹlifíṣàn. Ó tún un tẹ̀. Pupa náà ni.

"Ṣé inú iná ni mo ti kàwé ni?" Ìyá Wùnmí béèrè.

"Mo ṣáà ti sọ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, òun nìkan ló sì rẹ́rìn-ín.

Wùnmí bú sẹ́kún. Ó ti pa ohun tó ká sílẹ̀ rẹ́ lórí mẹ́mọ́rì káàdì fóònù, kí àyè lè wà. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá ti fà wọ inú sọ́fítíwíà tó fi ń gé fídíò ti dé inú kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Gbọ́lágadé, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà ládùúgbò náà, wà láàárín àlejò.

"Wùnmí, dákẹ́. Ṣé o ti ya nǹkan míì sórí káàdì yẹn?"

"Rárá, sà."

"Ọlọ́run bá ẹ ṣe é. Má fọwọ́ kàn án mọ́, tí nǹkan míì bá gorí ẹ̀, a ò ní rí i mọ́. Mú un wá."

Gbọ́lágadé sáré lọ gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá. Bí ìyẹn ṣe ń wá ohun tó sọnù, ó ń ṣàlàyé.

"Sọ́fítíwíà yìí ò kó àwòrán pamọ́. Ibi tó wà ló kàn ń rántí. Bí ìgbà tí wọ́n júwe ilé fún àlejò ni. Tí wọ́n bá wó ilé náà, kí ló fẹ́ bá níbẹ̀? Pupa yẹn ló fi ń sọ pé òun ò rí i mọ́."

"Ẹni inú fídíò tí mo fi kọ́ ọ ò sọ bẹ́ẹ̀ o, sà."

"Báwo ló ṣe fẹ́ sọ? Kò rí ẹ. Tó o bá bi í ní ìbéèrè, ṣé á dá ẹ lóhùn ni? Àwọn míì, ohun tí wọ́n ń lò ti pẹ́, bọ́tìnnì tí wọ́n ń júwe ò sí mọ́. Fídíò dáa, èmi náà ń wò ó. Àmọ́ kò lè gbá ẹ lọ́wọ́ mú pé, 'Dúró, má tẹ ìyẹn!'"

Nígbà tó yá, fídíò jáde. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, ti bàjẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ìwé kíkà pé. Ohùn Ìyá Wùnmí gba pálọ̀ kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fò dìde. "Àbúrò mi nìyẹn o! Ọmọ bàbá mi nìyẹn!"

Wùnmí fẹ́ yọ́ jáde nítorí ìtìjú. Ìyá rẹ̀ pè é padà.

"Nígbà tójú ń tì mí láti kàwé, ta ló fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ tíṣà?"

"Èmi ni, mà."

"Ó dáa. Ní Mọ́ńdè, èmi náà á fà ẹ́ lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Gbọ́lágadé. Ọmọ mi gbọ́n, ó kàn ń fẹ́ ẹni tí á máa wo ọwọ́ ẹ̀ ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Festac àti Amúwo, orí wa ń wú nítorí yín. Ẹ máa wo fídíò, ṣùgbọ́n ẹ wá olùkọ́ tàbí ẹgbẹ́ tí ẹ lè bi léèrè. Ẹ rí i pé sọ́fítíwíà tí wọ́n ń lò nínú fídíò náà bá tiyín mu. Ẹ fi iṣẹ́ yín pamọ́ síbi méjì kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Bó bá sì ti sọnù, ẹ má fi káàdì náà ya nǹkan mìíràn; ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní Mọ́ńdè, Ìyá Wùnmí di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Bí wọ́n ṣe ń lọ, gbogbo pátákó ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú ọ̀nà ló ń kà sókè ketekete.