Àárò Ẹni Tó Wà Láàyè

"Ẹ dúró!" Mọ̀síyé Ìjádé fi ọ̀pá rẹ̀ lu tábìlì, gbogbo ohun èlò sì dákẹ́. "Ràúfátù, ò ń fun fèrè yìí bí ẹni tó ń ka ìwé fún olùkọ́. Àṣìṣe kankan ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àárò ta ló ń sọ ọ́?"

Ràúfátù gbé fèrè dúdú náà lé itan, ó sì wolẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ẹgbẹ́ ọkẹ́sítírà àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè Benin ti fi gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ifangni ṣe ibùdó. Ìjádé, tí wọ́n ń pè ní Mọ̀síyé, ìyẹn ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé, ni olùdarí wọn. Ọjọ́ Sátidé ni kọ́nsáàtì wọn ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wọn, "Àárò" ni wọ́n sì sọ ọ́. Ìdajì orin náà jẹ́ ti àwọn Potogí, àwọn tí baba ńlá wa ń pè ní Àgùdà, tí obìnrin wọn máa ń dúró létí òkun kọrin sí ọkọ tó bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Ìdajì kejì jẹ́ ti àwọn ará Yúróòpù ìgbà kan, nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn tí kì í fi ohun tó ń dùn wọ́n pamọ́ nínú orin. Láàárín méjèèjì, ibì kan wà tí fèrè kan ṣoṣo yóò ti dá fun, tí gbogbo àwọn yòókù yóò panu mọ́. Ràúfátù fẹ́ ibẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Sylvie, ọmọ Kútọ̀nù tí wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan náà, fẹ́ ẹ pẹ̀lú.

"Ó dáa," ni Mọ̀síyé wí. "Kí ẹ̀yin méjèèjì sọ fún mi níṣojú gbogbo wa. Àárò ta ni ẹ óò fi fun ún?"

Sylvie dìde. "Bàbá mi. Ọdún tó kọjá la sin wọ́n. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ṣì máa ń sáré jáde."

Ẹnì kan fa imú. Fádípẹ̀ tó ń ta fayolíìnì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ó wá kan Ràúfátù. Kí ni kó sọ? Ìyá rẹ̀, Fàúzíyàtù, ń ta aṣọ ní Gàbọ́ọ̀nù, ọdún kẹrin rèé tí wọn kò ti fojú kan ara wọn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni Fàúzíyàtù máa ń pe ìyá tó bí i, Ìyá àgbà tí Ràúfátù ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní abúlé, lórí fóònù, wọn á sọ̀rọ̀ òjò, wọn á sọ̀rọ̀ ata. Ṣé ìyẹn náà ni èèyàn fẹ́ gbé síwájú òkú bàbá Sylvie?

"Ìyá mi ni," ó wí. Ibẹ̀ ni ì bá dúró sí. "Wọ́n... wọ́n kú sí Gàbọ́ọ̀nù."

Yéè! Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kíá ni Mọ̀síyé ti bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, mi ò mọ̀. Wo bí mo ṣe ń jágbe mọ́ ọ láti àárọ̀." Ó ní kí ó fun fèrè náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀rù irọ́ tó pa mú kí ohùn fèrè náà máa gbọ̀n, gbogbo ènìyàn sì rò pé ìbànújẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ibi tí fèrè kan ṣoṣo yóò ti dá fun fún un.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, Ọyáyẹmí oníròyìn rédíò wá fi ọ̀rọ̀ wá Mọ̀síyé lẹ́nu wò. Mọ̀síyé fi Ràúfátù yangàn. "Ọmọ Ifangni níbí ni, láti abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lagbé. Ìyá rẹ̀ kú sí Gàbọ́ọ̀nù, àárò rẹ̀ ni yóò sì fi fun fèrè." Ràúfátù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ì bá tó, "Mọ̀síyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìyẹn." Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé bátìrì rédíò Ìyá àgbà ti kú láti inú ààwẹ̀, ta ni yóò gbọ́?

Ọmọ yìí mọ orin o, kò mọ abúlé.

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n ń kó ohun èlò sínú bọ́ọ̀sì nígbà tí Bàṣírù, aládùúgbò wọn ní abúlé, gun alùpùpù wọlé. Eruku bo gbogbo ojú rẹ̀. Ó di Ràúfátù lọ́wọ́ mú.

"Ṣara gírí, àbúrò mi. Ìyá àgbà ti mọ̀. Wọ́n ti wà ní ilé ìwòsàn."

"Mọ kí ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Ikú Màmá rẹ. Inú rédíò la ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í túfọ̀ ọmọ fún arúgbó bẹ́ẹ̀ yẹn. Àáfà Àbdùlàzéèzì ní kí a ṣe sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A gba fóònù lọ́wọ́ wọn, a ní a fẹ́ bá wọn tún un ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n láti Gàbọ́ọ̀nù. Àwọn obìnrin ń bá wọn pọnmi, wọ́n ń gbé gààrì wá. Wọ́n bi wá pé, 'Kí ni mo ṣe fún yín tí ẹ fi ń kẹ́ mi báyìí?'  Ní Jímọ̀, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń retí ìpè. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n wo ojú wa yí ká, wọ́n ní, 'Fàúzíyàtù mi dà?' Gbogbo wa wolẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣubú sí."

Ràúfátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà bọ́ọ̀sì. 

Mọ̀síyé bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Má sunkún, ọmọ mi. Lọ rí wọn. Màá fi ọkọ̀ kékeré ránṣẹ́ sí ọ ní aago méjì. Ibi tí o ti fẹ́ dá fun ṣì jẹ́ tìrẹ."

Ẹ ò rí i! Irọ́ ṣílẹ̀kùn fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Kó ṣáà sunkún, kó dákẹ́, aago márùn-ún ni kọ́nsáàtì. Ó wo Sylvie, ẹni tí omijé ti lé roro sójú rẹ̀ nítorí tirẹ̀. Ojú tì í.

"Mọ̀síyé, ìyá mi ò kú. Irọ́ ni mo pa."

Kọ́kọ́rọ́ alùpùpù já bọ́ lọ́wọ́ Bàṣírù.  Mọ̀síyé nàka sí Sylvie.

"Sylvie, ìwọ ni yóò dá fun." Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí Ràúfátù. "Ta ló sọ fún ọ pé òkú nìkan ni àárò rẹ̀ ń sọni? Àwọn obìnrin Àgùdà tó ń kọrin létí òkun, ṣé òkú ni ọkọ wọn? Ká ní o sọ pé ìyá mi wà láàyè, ọdún kẹrin rèé tí mi ò rí i, ìwọ ni ǹ bá fún. Máa lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ àgbà."

Bàṣírù fi alùpùpù gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìyá àgbà kọjú sí ògiri. Ọwọ́ òsì rẹ̀ nà sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí bẹ́ẹ̀dì. Ràúfátù kúnlẹ̀. "Ìyá àgbà, Màmá ò kú. Èmi ni mo parọ́."

Ìyá àgbà kò yíjú padà. "Ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́. "Gbogbo yín ti ń tàn mí láti ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣọ̀fọ̀ ọmọ mi."

"Mo fi Ọlọ́run búra!"

"Má búra fún mi."

Bàṣírù fọwọ́ bọ àpò, ó mú fóònù tó fi pamọ́ yọ. Ìpè mẹ́tàlélógún ló wà lórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dá lóhùn, láti Gàbọ́ọ̀nù nìkan. Ràúfátù tẹ nọ́ńbà náà, ó sì gbé e sétí arúgbó.

"Màámi! Kí ló dé? Àtàná ni mo ti ń pè yín!"

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Fàúzíyàtù."

"Bí ìwọ bá ni, kí ni mo máa ń pè ọ́ bí o bá ń sunkún?"

"Àṣàkẹ́ olómi lójú. Màámi, ẹ̀rù ń bà mí, kí ló ṣe yín?"

Ìyá àgbà bú sẹ́kún. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló gbé láti nu ojú.

Ràúfátù gba fóònù, ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún ìyá rẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "O pa mí, Ràúfátù? Nítorí fèrè?" Kò bínú, kò pariwo. Ó ṣáà ń bi í ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, Marthe tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tan rédíò sórí fèrèsé. Sylvie ń dá fun fèrè ní Àjàṣẹ́, ó sì dùn, kí a má parọ́. Ràúfátù gbọ́ ọ dé òpin pẹ̀lú ẹsẹ̀ Ìyá àgbà lórí itan rẹ̀. Ìyá tó fi ẹnu ara rẹ̀ pa ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ wàyí, àárò náà sì dùn ún dé egungun.

Ìyá àgbà padà sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọwọ́ òsì kò gbéra mọ́, Ràúfátù ló ń bá a wé gèlè. Mọ̀síyé ránṣẹ́ pé kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ ń kà á, ohun tí ẹ ní tó. Ẹ má bu irọ́ lé e kí ayé lè kà yín kún, nítorí ẹni tó pa irọ́ kọ́ ni irọ́ náà kọ́kọ́ ń ṣubú lù. Arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń retí ìpè ló bá.

Fàúzíyàtù ṣì ń pè ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Tẹ́lẹ̀ rí, ìkíni ni Ìyá àgbà fi máa ń gbé fóònù. Ní báyìí, kó tó kí i, ó máa ń kọ́kọ́ bi í pé, "Àṣàkẹ́, ṣé ìwọ ni lóòótọ́?" Ràúfátù sì máa ń wà nítòsí, á sì gbọ́ ọ.