Omi Tí Sùlíyá Ń Sè

Bí omi bá ti ń hó lórí iná, ọkàn Sùlíyá a máa rìn lọ. Yóò jókòó ti sítóòfù lẹ́yìnkùlé wọn ní Oko Ọba, ooru omi á bò ó lójú, yóò sì máa rí Uswat ọmọ rẹ̀ nínú ooru náà: ọmọ ti di ìyàwó, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báláú.

"Màámi, omi ń gbẹ o!" Uswat á ké sí i, á sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àbàwọ́n pupa rúsúrúsú ló bo eyín ọmọ náà. Orín tí ó ti rin nítorí rẹ̀ tó fi se ẹ̀wà jinná, ṣùgbọ́n àbàwọ́n náà kò lọ.

Sùlíyá gbà pé ìdọ̀tí inú omi ló fà á. Omi ẹ̀rọ tí onílé gbẹ́ jìn wọ ilẹ̀ ni wọ́n ń mu. Ó mọ́ gaara, síbẹ̀ Sùlíyá ń sè é títí yóò fi ku ìdajì. Ìdajì yìí ló ń bù fún Uswat àti Muhydeen àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ìjọba ológun ti gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, kẹrosínì wọ́n bí ojú, àmọ́ ta ní ń ro ìyẹn níbi tí ọmọ wà?

Lọ́jọ́ kan ni wolé-wolé dé. Olútóyìn, ọmọ Èkìtì, òṣìṣẹ́ ìlera ní káńsù ni. Sùlíyá sáré gbálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu Uswat ni obìnrin náà ń wò. Ó bu omi ẹ̀rọ náà sínú ìgò, ó ní òun fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tó padà wá, Làsísì, ọkọ Sùlíyá, tó ń pa ẹran ní odò ẹran, wà nílé.

"Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní fúlóráídì ló pọ̀ jù nínú omi yín," Olútóyìn sọ fún wọn. "Inú àpáta ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti ń wá. Bíńtín rẹ̀ dára fún eyín. Àpọ̀jù rẹ̀ ló ń ba eyín ọmọdé jẹ́, tó bá sì pẹ́, á wọ egungun."

Ọkàn Sùlíyá balẹ̀. "Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí. Mo máa ń sè é dáadáa, títí á fi ku ìdajì."

Olútóyìn mi orí. "Ìyá Uswat, kòkòrò ni sísè ń pa. Fúlóráídì kì í bá ooru lọ. Tí ọbẹ̀ bá gbẹ lórí iná, ṣé iyọ̀ rẹ̀ kì í le sí i ni?"

Ó yé Sùlíyá. Gbogbo ìdajì tí ó ń fi ìfẹ́ bù fún ọmọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń mú un le sí i. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé èmi ni mo ṣe é?"

"Ẹ ò mọ̀ ni. Àbàwọ́n ti Uswat ò ní fọ̀ lọ mọ́, ṣùgbọ́n dókítà eyín lè bá a bo díẹ̀. Eyín tí Muhydeen máa bá dàgbà ṣì ń mú ara rẹ̀ jọ nínú erìgì. Ìyẹn la fẹ́ gbà sílẹ̀."

"Kí la máa fi yọ ọ́ nínú omi?" Làsísì bèèrè.

"Ohun tí ẹ̀ ń dà nù níbi iṣẹ́ yín ni. Egungun màlúù."

Ó ṣàlàyé pé àwọn máa ń sun egungun nínú àgbá irin tí a dé pa, títí yóò fi di eédú dúdú. Wọ́n á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n á ṣàn án mọ́, wọ́n á kó o sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Bí omi bá ti ń rọra gba àárín rẹ̀ kọjá, fúlóráídì á lẹ̀ mọ́ eédú náà.

Làsísì fajú ro. "Tó bá jẹ́ egungun ẹran tó kú fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mùsùlùmí ni wá o."

"Ìdí tí mo fi wá bá yín nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ dúńbú ẹran ni kí ẹ ṣa egungun rẹ̀ wá."

"Háà! Bísímílà lẹ́nu mi kí n tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ!" Làsísì bú sẹ́rìn-ín.

Làsísì ṣa egungun wá, àwọn Olútóyìn sun ún, wọ́n sì gbé dúrọ́ọ̀mù náà wá sílé. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù ni Sùlíyá ń jókòó sí, tí omi ń kán tó, tó, tí ọkàn rẹ̀ ń rìn lọ. Olútóyìn ń wá yẹ omi náà wò lóòrèkóòrè, torí eédú egungun ń yó bí èèyàn. Tó bá ti yó, kò lè gbé fúlóráídì mì mọ́, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀.

Ọdún gorí ọdún, eyín wàrà Muhydeen ká, àwọn ńlá sì yọ. Uswat fà á síta sínú oòrùn, ó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó wo inú ẹnu rẹ̀.

"Màámi, ó funfun!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀, kò rántí fi bo ẹnu.

Ẹ̀yin òbí, omi tó mọ́ lójú lè máà mọ́ nínú. Bí àbàwọ́n bá ń yọ léyín ọmọ yín, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìlera kí wọ́n yẹ omi yín wò. Sísè kì í yọ fúlóráídì, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé eédú igi ìdáná. Ẹ má dá sun egungun nílé, ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe é, kí ẹ sì pààrọ̀ eédú egungun náà lásìkò. Omi tí ọmọ yín ń mu lónìí ni yóò fi rẹ́rìn-ín lọ́la.