Òfurufú Kò Ní Etí Ọ̀nà

Táyà ọ̀kadà ti gun kòkó Nàfísátù kọjá kí ojú rẹ̀ tó ṣe mẹ́rin pẹ̀lú Oyèlẹ́yẹ.

Etí ọ̀dà tó ti Ìwó wọ Ilé-Ogbó ló sá kòkó náà sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọlọ́kadà gbé sẹ́yìn fò sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun, ó ń ṣa hóró kòkó lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ rọra o, bọ̀dá. Ẹ má ṣa òkúta mọ́ ọn."

"Ọmọ Kuta ni mí, àǹtí. Mo mọ kòkó yàtọ̀ sí òkúta."

"Kòkó Kuta nìyẹn. Tiwa ń tijú àlejò, ó máa ń sá sáàárín òkúta."

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀rín ọjọ́ náà ló di ìfẹ́.

Àbújá ni Oyèlẹ́yẹ ti ń ṣiṣẹ́ sólà, ibẹ̀ náà ló sì fẹ́ gbé ìyàwó lọ. Àtọ́kẹ́, ìyá Nàfísátù, fárígá pé kò ṣeé ṣe. Àwọn ajínigbé ló dá ọkọ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà Àbújá. Títí di òní, ẹnikẹ́ni ò rí i. Ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

"Ọkọ̀ òfurufú la ó máa wọ̀, Màmá. Láti pápákọ̀ Àbújá dé ti Ìbàdàn, kí iṣu tẹ́ ẹ gbé kaná tó jinná, a ti balẹ̀."

"Bí mọ́tò bá bàjẹ́, wọ́n á gbé e sétí ọ̀nà. Òfurufú ńkọ́? Ó létí ọ̀nà?"

Oyèlẹ́yẹ rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ pọ̀ títí ìyá fi gbà kó wá tọrọ ìyàwó, Sátidé kan báyìí, nínú ọyẹ́. Nílé àwọn Àtọ́kẹ́, ọkọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó kírun ọ̀sán.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó pe Nàfísátù. "Olólùfẹ́ mi, a fẹ́ gbéra. Ní kí Màmá gbé iṣu kaná."

Ìyá gbé e kaná lóòótọ́. Iṣu jinná. Iṣu tutù. Fóònù Oyèlẹ́yẹ ò lọ mọ́.

Ojú ọ̀run funfun bí eérú. Bàbá Oyèlẹ́yẹ, tó ti kó ẹbí dé láti Kuta, tẹjú mọ́lẹ̀. Nínú yàrá, Nàfísátù wà pẹ̀lú gèlè lórí. Bí nǹkan kan bá dún lókè, á sáré yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n kírun ọ̀sán tán, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n kí Alásàrì ni kẹ̀kẹ́ kan dúró gbì. Oyèlẹ́yẹ bọ́ sílẹ̀, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Àtọ́kẹ́.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ọyẹ́ ò jẹ́ ká rílẹ̀ Ìbàdàn. A yí títí lókè, wọ́n bá gbé wa lọ Èkó, mo wá wọ mọ́tò débí. Iná fóònù mi ti tán. Nígbà tí mo yá ti ẹlòmíì, nọ́ńbà kankan ò wá sí mi lórí."

"Ìwọ ọmọ Kuta yìí! O ka ọ̀nà ojú ọ̀run, o ò ka ọyẹ́ mọ́ ọn!" Ìyá nàka sójú ọ̀run. "Inú irú ẹ̀ lo fẹ́ máa gbé ọmọ mi sí?"

Nàfísátù jáde, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà.

"Ẹ jẹ́ n bá a lọ, Màmá. Ẹ̀rù ń bà mí. Àmọ́ ẹ̀rù tó bà mí bí mo ṣe jókòó dè é lónìí, bí mo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, kò lè tó bẹ́ẹ̀."

Àtọ́kẹ́ wò wọ́n, ó wò wọ́n. Ó fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi lé ọwọ́ Oyèlẹ́yẹ.

"Ẹ máa lọ. Ẹ fi àtijókòó retí sílẹ̀ fún mi; ó ti mọ́ mi lára."