Ojú Ìwé Tí Olúbọ̀dé Gé Kúrò

Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé tó ń ta ògbólógbòó ìwé ní Ìkòtún fi abẹ gé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn kúrò nínú ìwé tó tà fún mi. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó gé e kí n tó dé, ó pa ìwé dé, ó fi ẹ̀rín nà án sí mi. Ohun tó ṣe fún mi lọ́dún 1989 nìyẹn, mi ò sì tíì gbàgbé.

Kí ẹ tó sọ pé ta ló rán mi níṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní Èkìtì kí bàbá mi tó ní ó tó. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ. Aṣọ rírán, ìwé ni. Búrẹ́dì yíyan, ìwé ni. Àwọn ará ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá ń pè mí ní Ìyá Oníwèé, wọ́n rò pé èébú ni. Èmi a máa dá wọn lóhùn pé, "Mi ò sin ọ̀gá kankan rí. Ìwé ni ọ̀gá mi." Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn.

Tòún, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, lóyún lọ́dún náà. Ọdún méje ló fi wá oyún yẹn nílé ọkọ rẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀. Mo ní aṣọ aró tí mo fọwọ́ ara mi rẹ ni màá fi pọn ọmọ náà, bí ìyá ìyá mi ṣe fi pọn èmi. Ìyá àgbà ti kú, wọn ò kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ wọn. Ni mo bá wá ìwé lọ.

Ìwé àfọwọ́kọ ni, wọ́n fi òwú dúdú gán an pọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ tẹ báírò mọ́lẹ̀ débi pé tí o bá fọwọ́ pa ẹ̀yìn ojú ìwé, wàá mọ ọ̀rọ̀ náà lára bí àpá. "Iṣẹ́ Aró" ni wọ́n kọ sára èèpo rẹ̀.

"Màmá mi ló kọ ọ́," Olúbọ̀dé wí. "Aláró ni wọ́n. Wọ́n á kọ́ yín dáadáa."

"Ṣé wọ́n ṣì wà láyé ni?"

"Rárá o."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni. Ohun tí mo rí tí mi ò kà sí ni èékánná rẹ̀. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló dúdú, bí èékánná ẹni tó ti ń fún aṣọ aró láti kékeré. Ọkùnrin tó ń ta ìwé!

Mo ra èlú gbígbẹ, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró, ní Ṣáṣá. Mo kó eérú igi jọ, mo lu ìdí ìkòkò kan, mo sẹ́ omi eérú náà bí ìwé ṣe wí. Aró àkọ́kọ́ bàjẹ́. Èkejì náà bàjẹ́, ó ń rùn bí òkú eku. Ní ti ẹ̀kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ níwájú ìkòkò lọ́sàn-án gangan, mo fẹ́ da omi eérú tuntun sí i, nǹkan kan gbá mi ní ọrùn ọwọ́. Pá! Bí ìgbà tí ọ̀gá fi igi gbá ọmọṣẹ́. Mo bojú wẹ̀yìn. Aṣọ tí àwọn ará ilé sá sórí okùn nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí atẹ́gùn, aṣọ kankan ò mira.

Ìgbà náà ni mo rántí pé ìwé ní kí n máa fi ahọ́n tọ́ omi eérú wò kí n tó dà á, mo sì ti fò ó. Mo tọ́ ọ wò. Kò ta ahọ́n rárá. Ká ní mo dà á ni, aró náà ì bá tún bàjẹ́. Ẹni tó gbá mi, ire ló fi gbá mi. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà jù.

Lọ́jọ́ keje, aró náà jinná. Ìfófòó orí rẹ̀ ń dán bí idẹ. Aṣọ funfun tí mo rì bọ̀ ọ́ jáde ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó ń ṣú díẹ̀díẹ̀ lójú mi títí ó fi dúdú bí òjò tó fẹ́ rọ̀. Mo sunkún ayọ̀. Mo ká a sínú báàgì láti gbé e lọ fi han Tòún. Bí mo ṣe kọjá géètì, báàgì náà fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo tú u wò. Aṣọ náà ti funfun báláú bí ọjọ́ tí mo rà á.

Mo sáré padà sẹ́yìnkùlé. Aró inú ìkòkò ti kún sí i. Èékánná mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti dúdú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe ohun tí mi ò rán ara mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, mo ti pọnmi, mo ti kúnlẹ̀ ti ìkòkò. Ọkọ mi Festus bá mi níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Adébùnmí, ta lò ń dá lóhùn?"

"Wọ́n ní kí n wá bomi."

"Àwọn wo?"

Mo gbé korobá, mo lọ pọnmi. Nínú ilé mi, èmi ni mo máa ń béèrè ìbéèrè.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ Tòún dé pẹ̀lú eré, Adéolú, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè. "Màmá, Tòún ti bí o! Obìnrin ni! Ó ní ẹ wá wẹ ọmọ, ẹ̀rù ń ba òun láti gbé e."

Mo gbé báàgì mi. Mo dé géètì, ẹsẹ̀ mi yí padà. Kò dùn mí, kò kú tipiri. Ó kàn yí padà ni, bí ẹsẹ̀ ọmọṣẹ́ tí wọ́n pè láti ẹ̀yìnkùlé. Mo tún lọ, ó tún yí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo di irin géètì mú, mo ń sunkún, ìka ọwọ́ mi sì ń jábọ̀ lára rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Adéolú sún mọ́ mi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ṣé torí pé obìnrin ni?"

Ẹ jẹ́ kí n má sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe gún mi tó. Ọdún méje! Ọmọ mi wà lórí ẹní, kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ọmọ lọ́rùn mú nínú omi, ọkọ rẹ̀ sì ń rò pé mo kórìíra ohun tó bí. Ó lọ lóun nìkan.

Mọ̀dínátù tó ń ṣe irun níwájú ilé wa ti rí gbogbo rẹ̀. Mo jù ú lọ dáadáa, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò mọ àgbà. Ó fi kóòmù sílẹ̀, ó wá bá mi.

"Ìyá Tòún, mo ti ń wò yín láti ọjọ́ yìí. Bí àwọn ọmọṣẹ́ mi ṣe ń ṣe lẹ̀ ń ṣe. Ta ló ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún yín níbi iṣẹ́ aró tẹ́ ẹ kọ́ yìí?"

"Fírídọ̀ọ̀mù wo? Ìwé ni mo fi kọ́ ọ."

"Ìwé gbé ọwọ́ lé yín lórí, ó gbàdúrà pé kẹ́ ẹ máa lọ?"

"Àbí orí ẹ dàrú ni?"

"Orí mi pé jàre. Ọmọ tí wọn ò tíì dá sílẹ̀, iṣẹ́ tó bá ṣe, ti ọ̀gá ni. Kì í gbé e jáde. Òun fúnra ẹ̀ kì í jáde láìgbàṣẹ." Ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó sún mọ́ mi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ìwé ni ọ̀gá yín. Ẹni tó kọ ìwé ńkọ́? Bóyá ó gbọ́."

Mo sáré wọlé.

Mo gbé ìwé náà jáde, mo ṣí i dé ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: ìdí ojú ìwé kan tí wọ́n fi abẹ gé mọ́ ẹ̀bá òwú, gígé tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ẹni tí kò bá wá a kò ní rí. Mo fọwọ́ pa èèpo ẹ̀yìn nínú. Àpá wà níbẹ̀. Báírò obìnrin náà ti wọ inú ojú ìwé tó gbẹ̀yìn já sára èèpo.

Ẹni tí ìwé bá kọ́, ó ń mọ ọgbọ́n ìwé. Mo mú pẹ́ńsù, mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa èèpo náà jẹ́jẹ́. Ibi tí mo pa dúdú, àpá inú rẹ̀ yọ ní funfun, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì:

"Ìwọ tí o kọ́ iṣẹ́ aró nínú ìwé mi, tí aró rẹ sì jinná, èmi Ìbíyẹmí Aláró dá ọ sílẹ̀ lónìí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ di tìrẹ. Ẹsẹ̀ rẹ di tìrẹ. Máa lọ. Olúbọ̀dé ọmọ mi nìkan ni n kò tíì dá sílẹ̀, nítorí ó sá kúrò nídìí ìkòkò. Bí ó bá parí tirẹ̀, kí ó ka èyí, èmi yóò gbọ́."

Mọ̀dínátù kò mọ̀wé kà. Mo kà á sí i létí. "Súbúhánà," ó wí. Ó lọ ra bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, torí fírídọ̀ọ̀mù kì í lọ lásán. A jọ lọ síwájú ìkòkò.

"Ẹ kúnlẹ̀."

"Èmi? Níwájú ìwọ?"

"Ẹ kúnlẹ̀ jàre, kì í ṣe fún èmi."

Mo kúnlẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ náà sókè, ìbẹ̀rẹ̀ títí dé "Máa lọ." Mo ní, "Àmín, ní orúkọ Jésù." Mọ̀dínátù ní "Àmí" tirẹ̀. Ọwọ́ kan sì bà lé mi lórí. Ó wúwo, ó tutù, ó ń rùn bí èlú. Omi rẹ̀ ṣàn wá sí ẹ̀bátí mi. Mo dúpẹ́ lọ́kàn mi pé Mọ̀dínátù ṣe é bí àgbà. Mo gbójú sókè láti sọ fún un.

Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di páálí bisikíìtì mú mọ́ àyà. Ó ń wo òkè orí mi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ọwọ́ yẹn kúrò. Ìkòkò tó ń hó láti ọjọ́ tí aró ti jinná dákẹ́. Mo wo èékánná mi: ó ti mọ́. Mo ri aṣọ náà bọ aró, mo fún un, mo gbé e lómi-lómi, mo sáré sí géètì. Ẹsẹ̀ mi kọjá. Mo tú aṣọ wò lójú títì. Ó dúdú minimini. Mo rẹ́rìn-ín bí wèrè. Mọ̀dínátù ń pariwo lẹ́yìn mi pé, "Ẹ máa lọ o! Ẹ máà bojú wẹ̀yìn!"

Mo débẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo wẹ ọmọ-ọmọ mi, mo fi òróró pa á lára, mo fi aṣọ náà pọ̀n ọ́n, ó sì sùn lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Adéolú. Bóyá ó gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ mí. Tòún fọkàn balẹ̀ ó sùn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó bímọ. Èmi náà sùn. Ọlọ́run ṣeun.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ìkómọ, mo gba Ìkòtún lọ. Tábìlì Olúbọ̀dé ti kúrò. Obìnrin tó ń ta ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ pé ọjọ́ tí mo ra ìwé yẹn gan-an ló kó lọ. Ó ní bí mo ṣe yí ẹ̀yìn, ọkùnrin náà wo èékánná rẹ̀ tó ti mọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún. Ó ní irú ìwé yẹn mẹ́ta ló tà, ọwọ́ rẹ̀ ló fi da méjì kọ láti inú ti ìyá rẹ̀, tèmi tó jẹ́ ti ìyá gan-an ló tà kẹ́yìn. Obìnrin ló ra àwọn méjì yòókù.

Tí ó bá jẹ́ pé ó dà á kọ, kò ní da ojú ìwé tó gbẹ̀yìn mọ́ ọn, kò sì sí àpá kankan lára èèpo tiwọn.

Olúbọ̀dé, níbikíbi tí ẹ bá wà, èmi Adébùnmí ní Ẹ̀gbẹ́dá ló ń bá yín wí. Ìyá yín ní kẹ́ ẹ parí iṣẹ́ yín, kò ní kẹ́ ẹ fi wá dípò ara yín. Ta ni àwọn obìnrin méjì yẹn? Àdúgbò wo ni wọ́n wà? Ta ló ń pè wọ́n láti ẹ̀yìnkùlé báyìí? Ẹ dá mi lóhùn.