Zuwaina Kò Sọ Pé Rárá

Zuwaina jí ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó fọ ojú. Ó wọ bàtà. Ọmọ ọdún méje ni, ṣùgbọ́n lónìí, ó ní iṣẹ́.

Iṣẹ́ wo? Bàbá Àgbà ló fẹ́ ṣọ́!

Bàbá Àgbà Khalfan tóbi. Tó bá ń bọ̀ wálé, ikùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ẹ ó kí ikùn. Ẹ ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ á dé.

Tó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta péré, á ṣe: Hẹ̀n! Hẹ̀n! Hẹ̀n!

Dókítà ti wọ̀n ọ́n. Dókítà ti mi orí.

"Bàbá, ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ dín nǹkan dídùn kù. Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́."

"Ṣé mo lè gun òkè lọ kí ẹ̀gbọ́n mi?"

"Rárá o, Bàbá. Ọkàn yín ò lè gbé e báyìí. Ẹ kọ́kọ́ fọn díẹ̀ ná."

Ìyá Ghaniya ni ẹ̀gbọ́n Bàbá Àgbà. Òun ló pọ̀n ọ́n nígbà tó wà ní kékeré. Lókè téńté ló ń gbé, níbi tí mọ́tò ò lè dé. Ẹsẹ̀ ènìyàn ló ń débẹ̀. Ẹsẹ̀ ènìyàn àti ti ewúrẹ́.

Ọdún méjì rèé tí Bàbá Àgbà ò tíì fojú kàn án.

Lórí fóònù, Ìyá Ghaniya á pariwo. "Khalfan! Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Mò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ohun tó o sọ lésìí nìyẹn!"

Bàbá Àgbà á wo òkè náà. Á mí kanlẹ̀. "Ó yẹ kí n ti lọ," ló máa ń sọ. "Ó yẹ kí n ti lọ."

Ìdí nìyí tí Màmá fi gbé iṣẹ́ fún Zuwaina.

"Ìwọ lo máa bá wọn rìn. Tí àwọn ará àdúgbò bá fi nǹkan dídùn lọ̀ wọ́n, kí lo máa sọ?"

"Màá sọ pé rárá, ẹ ṣeun."

"Mi ò gbọ́."

"RÁRÁ! Ẹ ṢEUN!"

Ewúrẹ́ kan tó ń sùn lẹ́yìn ògiri fò sókè.

Wọ́n bọ́ sọ́nà. Ọ̀pá Bàbá Àgbà ń dún. Kò. Kò. Kò.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Àǹtí Moza.

"Ẹ yà! Ẹ yà! Ẹ wá mu kọfí!"

Ní abúlé yìí, ẹnikẹ́ni kì í gba ẹnu ọ̀nà ènìyàn kọjá láìyà. Àrífín ni.

Àǹtí Moza gbé kọfí jáde. Ó gbé dàbínù jáde. Ó wá gbé hálúwà, oúnjẹ dídùn tí wọ́n fi ṣúgà sè, jáde. Hálúwà náà ń dán. Ó ń ta sánsán bí òdòdó róòsì. Tí ènìyàn bá bù ú, á máa fà yọ̀ọ̀.

Bàbá Àgbà wo Zuwaina.

Zuwaina la ẹnu rẹ̀ gbàgà. Ó ti fẹ́ sọ ọ́. "Rá..."

Gbọ̀ọ́! Àǹtí Moza ti sọ hálúwà sínú ẹnu náà.

"Hmmmmmmm," ni Zuwaina wí.

"Ẹnu ọlọ́pàá mi ti kún," ni Bàbá Àgbà wí. Òun náà bu tirẹ̀.

Ẹni tó bá mu kọfí tó a máa gbọn ife rẹ̀. Ìgbà náà ni wọn ò ní bu kún un mọ́. Bàbá Àgbà ò gbọn ife. Wọ́n bu kún un. Kò gbọn ọ́n. Wọ́n tún bu kún un. Bí kọfí ṣe ń lọ ni dàbínù ń tẹ̀ lé e.

Wọ́n dìde. Wọ́n rìn díẹ̀. Kò. Kò.

"Ẹ yà! Ẹ yà!" Bàbá Sulayyim ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. "Ẹ yà nílé Moza, ẹ wá fẹ́ fo tèmi? Kí ni mo ṣe fún yín?"

Wọ́n yà.

Ilé mẹ́rin ni wọ́n yà. Àwo mẹ́rin ni wọ́n jẹ. Ìrìn wọn ò sì ju ti adìyẹ tó ń wá àgbàdo lọ.

Wọ́n padà délé.

"Ṣé ẹ rìn?" ni Màmá béèrè.

"A rìn!"

"Ṣé ẹ jẹ nǹkan dídùn?"

Zuwaina wo ilẹ̀. Hálúwà ṣì ń dán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Rárá," ló wí.

Háà, Zuwaina! Rárá tí o ò rí sọ lójú ọ̀nà, ilé lo wá ń sọ ọ́?

Ní ọjọ́ Ajé, "Ẹ yà!" Gbọ̀ọ́! "Hmmmmm."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, "Ẹ yà!" Gbọ̀ọ́! "Hmmmmm."

Ojoojúmọ́ ni Màmá ń béèrè. Ojoojúmọ́ ni Zuwaina ń dáhùn pé "Rárá." Hálúwà dùn. Ṣùgbọ́n rárá yẹn ń korò díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Oṣù kan pé. Wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà.

Bàbá Àgbà gun orí ìwọ̀n. Gbì!

Dókítà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó nu ojú. Ó tún un wò.

"Bàbá, ẹ ti kúrò níbi tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀!"

"Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run!" Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Ẹ ti gòkè sí i," ni dókítà wí. "Pẹ̀lú kílò mẹ́ta."

Ijó dúró.

"Kí lẹ ń jẹ, Bàbá?"

Màmá ló dáhùn. "Wọn ò jẹ nǹkan kan lójú ọ̀nà! Zuwaina ló ń ṣọ́ wọn. Zuwaina mi ò ní purọ́ fún mi."

Dókítà wo Zuwaina.

Bàbá Àgbà wú ikọ́. "Èmi ni," ló wí. "Tí ọmọ yìí bá gbé ojú kúrò, mo máa ń jẹ ẹ́."

Irọ́ ni. Bàbá Àgbà purọ́ nítorí Zuwaina!

Zuwaina fi ọwọ́ nu àgbọ̀n rẹ̀, bí ẹni pé hálúwà ṣì wà níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fóònù dún. Ìyá Ghaniya ni.

"Khalfan! Kí ni dókítà wí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi... kò tíì lè jẹ́ oṣù yìí."

Zuwaina dúró de ariwo. Ariwo ò wá.

"Ó dáa," ni Ìyá Ghaniya wí, jẹ́jẹ́. Ó pa fóònù.

Háà! Ó sàn kó pariwo. Ó sàn kó pariwo lẹ́ẹ̀mẹwàá!

Zuwaina bú sẹ́kún. "Màmá, irọ́ ni mo pa! Mo jẹ ẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo jẹ ẹ́. Mi ò sọ pé rárá fún wọn rí. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ọ́ fún!"

Màmá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ó dùn mí o, Zuwaina," ló wí. Ó sì fà á mọ́ra.

Bàbá Àgbà fi láwàní rẹ̀ nu ojú. "Ọmọ ọdún méje ni. Èmi jẹ́ ẹni àádọ́rin ọdún. Ta ló yẹ kó ṣọ́ ta ni? Àwa méjèèjì la jẹ odindi oṣù kan mọ́ hálúwà."

Oṣù tí wọ́n ti jẹ, wọn ò lè pọ̀ ọ́ jáde mọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Kò. Kò. Kò.

"Ẹ yà! Ẹ yà!"

Zuwaina ò la ẹnu rẹ̀ gbàgà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti abẹ́ ọwọ́ ló ti sọ ọ́.

"Rárá, ẹ ṣeun, Àǹtí Moza."

"Rárá kẹ̀?" Àǹtí Moza káwọ́ lérí. "Èmi tí mo ti ń fún ọ ní hálúwà kó o tó hu eyín? Kí ni mo ṣe fún yín?"

Zuwaina wo ojú rẹ̀. Ó wo ọ̀nà. Ó wo àpáta ńlá tó wà lókè abúlé.

"Àǹtí Moza, a ò kọ kọfí yín. Orí àpáta yẹn la ti fẹ́ mu ún. Ẹ bá wa gbé e wá."

"Àpáta wo? Èyí yẹn?"

"Èyí yẹn."

"Èmi, Moza?" Ó wo àpáta. Àpáta wò ó. "Ó dáa! Kò sẹ́ni tó máa sọ pé Moza ò mọ àlejò ṣe!"

Ó gbé àwo. Ó gbé kọfí. Wọ́n ń gòkè. Hẹ̀n! Hẹ̀n! Hẹ̀n!

Ní kọ́nà àkọ́kọ́, Àǹtí Moza jókòó. Ó jẹ dàbínù kan kí agbára lè wá.

Ní kọ́nà kejì, ó bu hálúwà díẹ̀. Agbára ò tíì dé dáadáa.

Nígbà tí wọ́n dórí àpáta, àwo ti ṣófo.

"Ó... ó wúwo ni," ni Àǹtí Moza wí.

Kọfí nìkan ló kù. Wọ́n mu ún. Bàbá Àgbà gbọn ife rẹ̀. Gbọn-gbọn-gbọn!

Lọ́jọ́ kejì, hálúwà jókòó sílé. Lọ́jọ́ kẹta, dàbínù bá a jókòó. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì, omi nìkan ló ń bá wọn gòkè.

Bàbá Sulayyim náà ti bọ́ sọ́nà. "Ẹ ń bá Moza rìn, ẹ ò pè mí! Kí ni mo ṣe fún yín?"

Odindi àdúgbò ń gòkè. Hẹ̀n! Hẹ̀n! Hẹ̀n!

Nígbà tó yá: Hẹ̀n! Hẹ̀n!

Nígbà tó tún yá: Hẹ̀n.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ikùn Bàbá Àgbà àti Bàbá Àgbà ti jọ ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà wo ìwọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ lè lọ kí ẹ̀gbọ́n yín. Díẹ̀díẹ̀ o."

Wọ́n gbéra ní Ọjọ́bọ̀, Màmá, Zuwaina àti Bàbá Àgbà. Wọ́n gun òkúta. Wọ́n sinmi. Wọ́n tún gun òkúta.

Ní ìdajì ọ̀nà, Bàbá Àgbà jókòó.

"Ẹsẹ̀ mi ti parí," ló wí. "Mo ti fi nǹkan yìí falẹ̀ jù."

Òkúta wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ń yí bọ̀ látòkè. Kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ! Ṣé ewúrẹ́ ni?

Ewúrẹ́ kọ́! Ìyá arúgbó kan ni. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀, tá-tá-tá, bí ọmọdé tó ń sáré lọ sílé ìwé.

"Khalfan!"

"Ẹ̀gbọ́n mi! Kí lẹ ń wá lójú ọ̀nà?"

"Ìwọ ni! Ọdún méjì gbáko ni mo fi jókòó, tí mò ń sọ pé, 'Èmi ni ẹ̀gbọ́n, òun ló yẹ kó wá.' Láàárọ̀ yìí ni mo wo ẹsẹ̀ mi. Khalfan, kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ mi!" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀."

"Ó yẹ kí n ti gòkè," ni Bàbá Àgbà wí.

Àwọn àgbà méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n ń sunkún. Màmá ń sunkún. Zuwaina náà sunkún, kó má bàa jẹ́ òun nìkan ni ò sunkún.

Ìyá Ghaniya nu imú. "Ó yá, ká máa lọ sílé rẹ nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ rọrùn."

"Rárá," ni Bàbá Àgbà wí.

Ó dìde. "Òkè la ń lọ."

Ìyá Ghaniya di ọwọ́ rẹ̀ kan mú. Zuwaina di èkejì mú. Òkúta kan. Òkúta kan sí i. Wọ́n ń lọ títí oòrùn fi dé àárín ọ̀run.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé Ìyá Ghaniya. Bàbá Àgbà dúró. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo ti pẹ́ jù?"

Ìyá Ghaniya wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"O pẹ́, Khalfan. O pẹ́ gan-an." Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. "Wọlé."