Ìlà Kan Nínú Ìwé Àlàáfíà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ogun ọdún méje parí, kò sẹ́ni tó jó. Gbogbo ìlú dúró sẹ́nu ọ̀nà ààfin, àpò awọ kan báyìí ni wọ́n ń wò. Ọba ìlú méjèèjì tó ń jà ti gbà pé kálukú yóò dá àwọn tó kó lógun padà, ṣùgbọ́n àdéhùn wọn le: ẹni tí ìlú rẹ̀ bá kọ sínú ìwé ránṣẹ́ nìkan ni bodè yóò ṣí fún. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, ó di ará ọ̀hún nìyẹn. Ìwé náà lé ní ọgọ́rùn-ún ìlà. Ó ti wà nínú àpò, wọ́n ti fi ìda pupa ọba dì í lẹ́nu, àwọn ẹlẹ́ṣin tí yóò gbé e lọ sì ti ń fún okùn ẹrù wọn.

Akọ̀wé ààfin ló kọ ọ́. Tọmọdé tàgbà ń pè é ní Bàbá Kálàmù, torí pé kálàmù tó fi ń kọ̀wé kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀, àfi tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí tó bá ń wẹ̀. Ó ga, ó gbẹ, apá ọ̀tún ẹ̀wù funfun rẹ̀ sì dúdú fún tàdáwà. Ó ti kọ̀wé fún ọba mẹ́ta. Ó mọ̀wé, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀wé.

Ó ti délé, ó ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ìka rẹ̀, nígbà tí obìnrin aláró kan já wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ìgúnpá.

"Ẹ kú ewu ogun, Bàbá."

"A kú ewu, ìyá. Ṣé kò sí o?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọmọ mi sí mi létí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí wọ́n tó gbé e lọ."

Bàbá Kálàmù rẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi náà ni wọ́n wá ń yẹ̀ wò báyìí?"

Ìyá Olówùú, ìyàwó rẹ̀, ń ran òwú lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbójú sókè. "Ẹ kà á fún un, Bàbá. Ẹnu ò ní bó yín."

Ó lọ mú ìwé àkọ́kọ́ jáde, èyí tó kọ nígbà tí àwọn ará ìlú ń tò wá sọ àwọn ènìyàn wọn. Ó wá a kàn, ó kà á: "Ọmọ aláró, obìnrin, àpá iná wà lọ́wọ́ òsì."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ń pa á, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n. "Òun ni! Ìkòkò aró ló jó o lọ́wọ́. Ẹ ṣeun, Bàbá, ẹ ó pẹ́ fún wa."

Ó ti ń dìde nígbà tí òwú dúró lọ́wọ́ Ìyá Olówùú. "Bàbá, èyí tẹ́ ẹ kà yẹn kọ́ ló ń lọ o."

"Ọ̀kan náà ni wọ́n. Inú èyí ni mo ti wò ó kọ."

"Ẹ ti ka méjèèjì pọ̀?"

Bàbá Kálàmù tẹjú mọ́ ìwé ọwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láàfin ni pé akọ̀wé kan yóò di ìwé àkọ́kọ́ mú, èkejì yóò máa ka tuntun sókè, láti ìlà ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ojú má baà sáré tẹ̀lé ohun tí orí ti mọ̀. Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó di ti àkọ́kọ́ mú yóò dáhùn pé, "Ó wà." Ọ̀rẹ́ Bàbá Kálàmù kan, akọ̀wé bíi tirẹ̀, ló máa ń dá a lóhùn. Ogun ti pa ọ̀rẹ́ náà ní ọdún méjì sẹ́yìn, Bàbá Kálàmù kò sì fẹ́ gbọ́ "Ó wà" lẹ́nu ẹlòmíràn. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an. Nípa bẹ́ẹ̀, ó dẹni tó ń kọ, tí kì í tún un kà.

"Ẹ máa lọ sáàfin, Bàbá," ni ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Bàtà yín nìyí."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Akọ̀wé tó bá ní kí ọba tú èdìdì, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ òun kò ṣeé gbára lé. Wọ́n ti gba kálàmù lọ́wọ́ ẹni méjì rí lórí irú rẹ̀. Bàbá Kálàmù mọ àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ó mú ìwé àkọ́kọ́ dání, aláró tẹ̀ lé e, ó sì lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ọba láàárín àwọn ẹṣin.

"Kábíyèsí, ìwé yẹn, mo kọ ọ́, mi ò kà á."

Olórí ẹlẹ́ṣin figbe ta. "Bàbá, oòrùn ti ń mú! Ìgbà wo la fẹ́ gbéra?"

Ọba wo akọ̀wé rẹ̀ títí. Bàbá yìí ló kọ́ ọ ní ìwé nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó fi èékánná tú ìda náà, ó jókòó sórí àpò ẹrù kan, ó sì na ọwọ́ fún ìwé àkọ́kọ́. "Máa kà. Èmi ni n ó dáhùn."

Bàbá Kálàmù bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọba ń dáhùn: ó wà, ó wà, ó wà. Nígbà tó kan "Ọmọ aláró, obìnrin, àpá iná wà lọ́wọ́ òsì," tí ọba sì ní ó wà, aláró pariwo ayọ̀.

"Ó tán, ẹ dì í," ni olórí ẹlẹ́ṣin wí.

"Kò tíì tán," ni Bàbá Kálàmù wí. Ó ka èyí tó kàn. "Ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọkùnrin, ó ga."

Ọba fi ìka lé ìlà kan nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Tún un kà."

Ó tún un kà.

"Rárá. Ọmọ aláró mìíràn ló wà níbí. Obìnrin, eyín iwájú kan kò sí."

Ọmọ aláró méjì ló tẹ̀ lé ara wọn. Ojú akọ̀wé ti fo láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Ariwo ayọ̀ kú lẹ́nu aláró. "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni, aláró bíi tèmi," ló wí. "Ìyá ẹ̀ ti kú, kò lẹ́nìkan. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́ síwèé. Lónìí, ọmọ tèmi nìkan ni mo rò, ẹ wò ó."

Bàbá Kálàmù yọ kálàmù lẹ́yìn etí, ó gbé e síwájú ọba. Ọba tì í padà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ta ni kí n wá gbé e fún? Ìwọ lo kọ́ mi, o mọ bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ti burú tó. Jókòó, tún gbogbo rẹ̀ kọ. Tó o bá parí, a óò tún jọ kà á."

Ọ̀sán ni àwọn ẹlẹ́ṣin tó gbéra.

Àlàáfíà náà kò pẹ́. Kí òjò ọdún kejì tó rọ̀, ogun ti tún bẹ́, bodè tì, ẹni tó ṣẹ́kù sọ́hùn-ún kò sì padà wálé títí ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn tí ìwé yẹn lọ, àwọn tó wà nínú rẹ̀ dé. Olúkúlùkù sáré lọ dì mọ́ ènìyàn rẹ̀, eruku sọ. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ọmọbìnrin kan ṣì dá dúró pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ń wo ojú kan dé èkejì. Bàbá Kálàmù rìn lọ bá a.

"Wọ́n ní mo wà nínú ìwé," ni ọmọ náà wí. Àlàfo eyín náà hàn. "Ta ló rántí mi, bàbá?"

Ì bá rọrùn fún Bàbá Kálàmù láti sọ pé òun ni.

"Èmi ni mo gbàgbé rẹ, ọmọ mi," ló wí. "Mo fò ọ́. Ìgbà tá a tún un kà la tó rí i pé o ò sí níbẹ̀."

Ọmọ náà sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, ó gbé e lé bàbá náà lọ́wọ́, ó sì bi í pé ọ̀nà ibo ni àwọn yóò gbà délé rẹ̀.